Ìbàdí tó ń dun aboyún: bí ẹ ṣe máa dé ọjọ́ ìkúnlẹ̀, kí ẹ sì bí lójú ara

Òru ni ìrora yìí máa ń fojú aboyún rí màbo jù. Ó ti fẹ̀gbẹ́ òsì sùn títí apá fi kú, ó fẹ́ yí sí ọ̀tún. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan báyìí, bíi kí egungun òkè abẹ́ rẹ̀ là sí méjì. Ó ké, ọkọ rẹ̀ jí, ẹ̀rù ba àwọn méjèèjì pé ìrọbí ti dé. Ilẹ̀ mọ́, ó fi ẹsẹ̀ kan dúró láti wọ pátá, ó tún ké. Nígbà tí oyún bá fi máa pé oṣù mẹ́jọ, ìbéèrè kan ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ẹni tí kò lè yí lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣé òun ló máa bímọ fúnra rẹ̀?

Ó lè bí i. Ìrora egungun ìbàdí nìkan kì í ṣe ìdí tí dókítà fi ń gbé aboyún lọ sí tíátà fún iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní in ló sì ń bí lójú ara. Nínú aboyún márùn-ún, a máa ń rí tó ẹnì kan tó ń jẹ irú ìyà yìí, kì í sì í ṣe ọmọ inú ní nǹkan kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni pé àwọn obìnrin wa ń fara dà á láìyí bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀ padà, wọ́n ń jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wọ́ wọn níkùn, wọ́n sì ń dé yàrá ìbímọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé itan wọn kì í ṣí tó ti àwọn yòókù. Ohun tí a máa tún ṣe nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ẹ máa wá sílẹ̀

- Ìrọ̀rí mẹ́ta. Tí kò bá sí, ẹ ká ìró tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì dáadáa kó ki.
- Àga kan tó ní ìfẹ̀yìntì. Tí ẹ bá jókòó lé e, kí orúnkún yín má ga ju ìbàdí lọ, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì sì kanlẹ̀.
- Náílọ́ọ̀nù ńlá kan, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ọjà.
- Tówẹ́ẹ̀lì kékeré kan.
- Tépù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ.
- Káàdì ìtọ́jú aboyún yín àti bírò.
- Ẹnì kan tó máa wà pẹ̀lú yín lọ́jọ́ ìbímọ: ọkọ, ìyá, ẹ̀gbọ́n, ẹni tí ojú rẹ̀ lè gba ìrora ẹlòmíràn láìdàrú. Òun náà gbọ́dọ̀ ka ìpele kẹfà àti ìkeje.

1. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé egungun ìbàdí ló ń dùn yín

Oríkèé mẹ́ta ló so egungun ìbàdí pọ̀: ọ̀kan níwájú lókè abẹ́, méjì lẹ́yìn lókè ìdí. Nínú oyún, àwọn iṣan tó dì wọ́n mú máa ń dẹ̀, ikùn sì ń wúwo síwájú. Tí oríkèé kan bá ń yẹ̀ ju èkejì lọ, ìrora dé. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lókè abẹ́, lẹ́yìn ìdí, ní ìgbáròkó tàbí nínú itan. Ìrìn ló ń ru ú sókè: gígun àtẹ̀gùn, fífi ẹsẹ̀ kan dúró, yíya ẹsẹ̀ láti sọdá gọ́tà. Nígbà mìíràn ẹ máa gbọ́ tí egungun á dún lábẹ́. Tí ẹ bá jókòó tí ẹ sinmi, ó máa ń lọ sílẹ̀.

Ibi tí a ti ń ṣìnà ni pé gbogbo ìrora ìsàlẹ̀ ikùn la máa ń pè ní "oyún ló ń ṣe é". Ẹ má dúró nílé tí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí:

- ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń bọ̀ lójú ara;
- ikùn ń le, ó ń dẹ̀, ó tún ń le léraléra, tí oyún kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ 37;
- ikùn le, ó ń dùn yín láìdẹ̀;
- ibà mú yín, tàbí ìtọ̀ ń ta yín;
- orí ń fọ́ yín gan-an tí ojú ń ṣe bàìbàì;
- ọmọ kò yí mọ́ bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀;
- ẹsẹ̀ kan wú, ó gbóná, ẹ̀yìn ojúgun ń dùn;
- abẹ́ tàbí ìdí kú tí ẹ ò mọ̀ ọ́n lára, tàbí ẹ ò lè mú ìtọ̀ dúró lójijì.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tí jẹ́nótáìpù wọn jẹ́ SS tàbí SC. Ìgbáròkó tó ń dun yín lè jẹ́ kíráísìsì, ìrora ńlá tí àìsàn ẹ̀jẹ̀ yín ń fà, ó sì lè jẹ́ pé orí egungun itan ló ń bàjẹ́ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa. Ẹ má fi ìtọ́sọ́nà yìí tọ́jú rẹ̀. Ẹ lọ bá dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ yín, kí ẹ sì sọ ibi tó ń dùn gan-an fún un.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ti yẹ ikùn yín wò, wọ́n ti yẹ ìtọ̀ yín wò, ọmọ ń yí dáadáa, wọ́n sì ti fẹnu ara wọn sọ pé egungun ìbàdí ni. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó lọ sí ìpele kejì.

2. Ẹ tún bí ẹ ṣe ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì kọ́

Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, èyí nìkan ló ń dá oorun wọn padà, nítorí náà ẹ má kánjú fò ó.

Ẹgbẹ́ ni kí ẹ máa fi sùn, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ 28 lọ. Ẹ fi ìrọ̀rí kan sáàárín orúnkún, kó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fi ìrọ̀rí kékeré sáàárín orúnkún nìkan, ọrùn ẹsẹ̀ á wálẹ̀, ìbàdí á sì wà ní yíyí láti òru títí di àárọ̀. Tí ìrọ̀rí kan kò bá gùn tó, ẹ fi méjì. Ẹ fi ẹ̀kẹta gbé ikùn ró díẹ̀ lábẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ yí:

Ẹ fà orúnkún méjèèjì wá sókè díẹ̀, kí wọ́n tẹ ara wọn, kí ìrọ̀rí wà láàárín. Ẹ mí sínú. Bí ẹ ṣe ń mí síta, ẹ fa ìsàlẹ̀ ikùn wọlé, kí ẹ sì di abẹ́ bí ìgbà tí ẹ fẹ́ mú ìtọ̀ dúró. Ẹ jẹ́ kí orí àti èjìká kọ́kọ́ yí, kí ọwọ́ òkè nà sí ibi tí ẹ ń lọ, kí orúnkún méjèèjì wá tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ kan kò gbọdọ̀ dá rìn. Aṣọ òru tó ń yọ̀, irú sátìnì, máa ń jẹ́ kó rọrùn. Aṣọ òwú tó nípọn máa ń lẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Tí ẹ bá fẹ́ dìde, ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ etí bẹ́ẹ̀dì, ẹ sọ ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ pa pọ̀, kí ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ àti ọwọ́ kejì ti ara yín dìde jókòó. Ẹ sinmi díẹ̀ kí ẹ tó dúró.

Ẹni tó ń sùn lórí ẹní tàbí lórí fóòmù ilẹ̀, ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fi ọwọ́ àti orúnkún kanlẹ̀, ẹ rìn bẹ́ẹ̀ dé ìdí àga, kí ẹ fi àga gbé ara yín. Tí ọ̀nà bá wà láti gbé fóòmù náà ga, ẹ gbé e ga.

Ẹ sì fi ọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé aboyún kò gbọdọ̀ sùn láìsí i. Àmọ́ kí ẹ fi orúnkún kan gun bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ na ara dé ìsàlẹ̀ ògiri láti ki etí nẹ́ẹ̀tì bọ abẹ́ fóòmù, gbogbo ohun tí oríkèé yìí kórìíra ló wà nínú ìyẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lẹ́yìn òru díẹ̀, ó yẹ kí ẹ lè yí láìdá èémí dúró, láìdi etí bẹ́ẹ̀dì mú. Tó bá ṣì ń gún yín, ẹ wo bóyá orúnkún ń ya nígbà tí ẹ bá dé àárín. Kí ọkọ yín fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń yí kì í sábà mọ̀.

3. Ní ọ̀sán, ẹ má yọ ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ kí ẹ fi ìkejì ṣiṣẹ́

Òfin ibẹ̀ kò ju kan lọ: orúnkún sún mọ́ra, ẹsẹ̀ méjèèjì jọ gbé ara. Ohun tó le ni bí a ṣe ń mú un wọ inú ayé tiwa.

Aṣọ. Ẹ jókòó wọ pátá, sòkòtò àti bàtà. Ẹ jókòó bọ́ wọn pẹ̀lú.

Àtẹ̀gùn. Tí ẹ bá ń gòkè, ẹsẹ̀ tí kò dùn ni kó ṣáájú; tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń dùn ni kó ṣáájú. Ẹ kó ẹsẹ̀ méjèèjì jọ lórí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lọ sí èyí tó kàn. Ẹni tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ kó ohun tí ẹ máa lò fún gbogbo ọjọ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọkọ̀. Ẹ fi ìdí kọ́kọ́ jókòó, ẹsẹ̀ ṣì wà níta. Náílọ́ọ̀nù tí ẹ tẹ́ sórí àga á jẹ́ kí ìdí yọ́, ẹ wá yí orúnkún méjèèjì wọlé pa pọ̀. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, ẹ yọ náílọ́ọ̀nù náà kúrò kí ara yín má baà máa yọ̀ tí wọ́n bá tẹ búrékì. Danfo ṣòro nítorí pé ó ga, kọ̀ndọ́ sì ń kánjú. Ẹ sọ fún un kí ẹ tó wọlé pé ibi ẹnu ọ̀nà lẹ fẹ́ jókòó. Kẹ̀kẹ́ Márúwá sàn jù ú lọ. Ọ̀kadà ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ jáwọ́ níbẹ̀ pátápátá: ẹ máa ya ẹsẹ̀ gùn ún, ẹ máa ya ẹsẹ̀ sọ̀, kòtò ọ̀nà á sì máa gbo egungun láàárín. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ kan kò tún un ṣe, ìṣubú ló ń fà.

Omi àti ìfọṣọ. Garawa ńlá lọ́wọ́ kan ń fa ìbàdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kẹ́ẹ̀gì kékeré méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, tí kò kún, tàbí kí ẹlòmíràn gbé e. Jíjókòó lórí àpótí kúkúrú, kí ẹ ya itan, kí báàfù wà láàárín, kí ẹ máa bó aṣọ: nínú gbogbo iṣẹ́ ilé, èyí ló burú jù fún oríkèé iwájú yẹn. Ẹ gbé báàfù sórí tábìlì, kí ẹ jókòó sórí àga tó ga tàbí kí ẹ dúró tì í. Bákan náà ni ìgbálẹ̀: ẹ so ọwọ̀ mọ́ igi gígùn, kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ọmọ tó ṣáájú. Ẹ má gbé e lé ìgbáròkó, ẹ má sì pọ̀n ọ́n ní àkókò yìí. Ẹ jókòó, kí òun fúnra rẹ̀ gun ẹsẹ̀ yín wá. Á sunkún lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, á sì mọ́ ọn lára.

Ṣáláńgá. Lílóṣòó ń ya ìbàdí gidigidi. Káfíńtà lè gé ihò sórí àga atijọ́ kan kí ẹ gbé e lé orí rẹ̀. Kò ná wọn lówó púpọ̀, ó sì ń gba obìnrin lọ́wọ́ ìyà ojoojúmọ́.

Kíkúnlẹ̀ kí àgbà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo, pàápàá nílé ọkọ. Bí a ṣe ń kúnlẹ̀, orúnkún kan ló ń kọ́kọ́ lọ, gbogbo ìwúwo ikùn á bọ́ sórí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ tẹ orí ba, kí ẹ fi ohùn ìrẹ̀lẹ̀ sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ má bínú, ìbàdí ń dùn mí, mi ò lè kúnlẹ̀." Ẹni tó ti bímọ rí á mọ ohun tí ẹ ń sọ. Tí ẹ bá sì rò pé ìyá ọkọ yín lè gbà á sí àfojúdi, kí ọkọ yín lọ sọ ọ́ fún un ṣáájú. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe tiyín.

Ọgbọ́n kan ṣì wà tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ọjọ́ tí ara bá fúyẹ́ ni wọ́n máa ń fọ gbogbo kọ́tìnì, tí wọ́n á lọ ọjà Bódìjà ra oúnjẹ oṣù kan. Lọ́jọ́ kejì, wọn ò ní lè dìde. Ìrora yìí kì í sábà gba owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó di alẹ́ tàbí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nítorí náà ẹ pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, kí ẹ máa sinmi kí ó tó dùn yín. Ẹni tó ń tajà, ẹ wá àga gíga, kí ẹ má dúró pẹ́, kí ẹ má sì jókòó pẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi bí ara ṣe rí lálẹ́ àti lówùúrọ̀ wọn ọjọ́ yín, ẹ má fi ọ̀sán wọ̀n ọ́n. Tí alẹ́ òní bá burú ju ti àná lọ, ẹ ro ohun tí ẹ ṣe tó yàtọ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò.

4. Ẹ fún àwọn iṣan tó di ìbàdí mú lágbára

Ìsinmi nìkan kò tó. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2016 lórí ìtọ́jú aboyún, eré ìdárayá déédéé ló wà níwájú láti dènà ìrora ẹ̀yìn àti ìbàdí. Físíò (àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti egungun) àti bẹ́líìtì ìbàdí wà lára ìtọ́jú tí wọ́n dárúkọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé yín sí ẹ̀ka físíò. Ó wà ní àwọn ilé-ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, àti ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹni tó wà ní Britain, ẹ sọ fún agbẹ̀bí yín pé físíò àwọn aboyún lẹ fẹ́, kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "ó máa lọ tí o bá bímọ" lé yín padà sílé.

Kí ó tó kàn yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí:

Ẹ di iṣan tí a fi ń mú ìtọ̀ àti ìsó dúró, ẹ kà dé 5, ẹ tú u sílẹ̀ pátápátá. Ẹ ṣe é nígbà 10, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Títú u sílẹ̀ ṣe pàtàkì bíi dídì í, nítorí pé lọ́jọ́ ìbímọ, títú yẹn lẹ máa lò. Ẹ má ṣe é nígbà tí ẹ bá ń tọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ fi ọwọ́ àti orúnkún kanlẹ̀ lórí fóòmù, kí ẹ̀yìn tẹ́jú. Ẹ fa ikùn wọlé, ẹ gbé ẹ̀yìn sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ dúró fún èémí kan, ẹ padà sí títẹ́jú. Nígbà 10. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀yìn tẹ̀ sọ́nà ilẹ̀.

Ẹ jókòó sórí àga, ẹ ká tówẹ́ẹ̀lì sáàárín orúnkún, ẹ rọra fún un fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ dẹwọ́. Nígbà 10. Tí ó bá ta yín lókè abẹ́, ẹ fi èyí sílẹ̀ títí ẹ ó fi rí físíò.

Ní ti bẹ́líìtì, ibi tí wọ́n ń so ó sí ló ń ṣì wọ́n. Kì í ṣe orí ikùn. Ìsàlẹ̀ ikùn ló wà, ó yí ìgbáròkó ká, ó gba òkè ìdí. Tí ẹ ò bá rí i rà, ọ̀já tó le, tí a ká ní ìbú ọwọ́ kan, tí a so síbẹ̀ nígbà ìrìn, máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ẹ tú u tí ẹ bá jókòó pẹ́ tàbí tí ẹ bá fẹ́ sùn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ so bẹ́líìtì, ẹ rìn yí yàrá ká. Tí ìrìn bá fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀, ibi tó yẹ ló wà. Tí ìrora bá pọ̀ sí i tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń ṣe yín wìnnìwìnnì, ẹ tú u, kí ẹ tún un so.

5. Oògùn, àti ọwọ́ tí ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó kàn yín

Parasitamọ́ọ̀lù ni oògùn ìrora tí wọ́n sábà máa ń fún aboyún. Oníhóró 500 mg méjì lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán wákàtí mẹ́rin láàárín, kí ó má kọjá hóró mẹ́jọ láàárín wákàtí 24. Ẹ lò ó fún ìgbà díẹ̀ tí ìrora bá pọ̀, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì tí ẹ bá ń lò ó lójoojúmọ́. Ẹ ka páálí oògùn òtútù àti kàtá tí ẹ ń lò, nítorí pé parasitamọ́ọ̀lù máa ń wà nínú òmíràn.

Ẹ má ra ibuprofen tàbí diclofenac fúnra yín nínú oyún, pàápàá láti ọ̀sẹ̀ 20 lọ: ó lè pa kíndìnrín ọmọ lára, kó sì dín omi tó yí i ká kù. Ẹ má lo Alabukun náà, ásípírìn ló wà nínú rẹ̀. (Tí dókítà bá ti fún yín ní ásípírìn kékeré nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ má dá a dúró.) Báàmù gbígbóná tí wọ́n kọ methyl salicylate sí lára, ìdílé ásípírìn kan náà ni, ẹ béèrè kí ẹ tó fi para. Yìnyín tí a fi tówẹ́ẹ̀lì wé, tí a gbé lé òkè abẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, tàbí ìwẹ̀ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kò ní ewu wọ̀nyẹn.

Ohun tó kàn yìí ni mo fẹ́ kí ìyá àti ìyá ọkọ yín gbọ́ pẹ̀lú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ikùn yín, tàbí kí teguntegun fa ẹsẹ̀ yín láti "dá egungun padà sáyè rẹ̀". Wíwọ́ ikùn lágbára lè já ibi ọmọ kúrò lára ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ á ya, ìyá àti ọmọ á sì wà nínú ewu láàárín ìgbà díẹ̀. Oríkèé tó ti dẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n fà á. Ní ti àgbo abíwẹ́rẹ́, a kò mọ ìwọ̀n agbára tó wà nínú ife kan sí èkejì, àwọn ewé kan sì wà tó ń mú ilé ọmọ fún pọ̀. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí, kó má tọ́ ọ wò rárá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ kó gbogbo oògùn, báàmù àti àgbo tó wà nílé sínú náílọ́ọ̀nù kan, kí ẹ gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ àyẹ̀wò tó kàn. Kò yẹ kí ó ku ọ̀kan tí ẹ ń lò tí kò mọ̀ sí.

6. Ẹ wọn bí orúnkún yín ṣe lè ṣí tó

Ìpele yìí ni ọ̀pọ̀ kò gbọ́ rí, òun ló sì ń dáàbò bo ìbàdí jù lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà tí oyún bá wà láàárín ọ̀sẹ̀ 34 sí 37.

Ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, kí orúnkún méjèèjì ká, kí àtẹ́lẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ rọra jẹ́ kí orúnkún ya síra. Ibi tí ẹ bá ti mọ̀ pé ìrora fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró, ẹ má fara dà á kọjá ibẹ̀ láti fi agbára hàn. Kí ẹnì kejì fi tépù wọ̀n ọ́n láti inú orúnkún ọ̀tún sí inú orúnkún òsì. Ká ní 45 sẹ̀ǹtímítà ni. Ẹ gé okùn tó gùn tó bẹ́ẹ̀ fi sínú báàgì ìbímọ, nítorí pé nínú ariwo yàrá ìbímọ, okùn rọrùn láti nà ju nọ́ńbà lọ.

Ẹ wá kọ nọ́ńbà tiyín sínú káàdì, ní gbólóhùn kúkúrú tí nọ́ọ̀sì tó ń sáré lè kà:

"Mo ní ìrora egungun ìbàdí. Ìrora ń bẹ̀rẹ̀ tí orúnkún mi bá jìnnà síra ju 45 cm. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bí nífẹ̀gbẹ́ tàbí lórí orúnkún àti ọwọ́. Tí ẹ bá máa gbé ẹsẹ̀ mi, ẹ gbé méjèèjì pa pọ̀."

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò kan náà, ẹ béèrè bóyá ìdí mìíràn wà tí wọ́n fi lè ní kí ẹ má bí lójú ara: ibi ọmọ tó dí ọ̀nà, ọmọ tó wà ní ìbú, ẹ̀jẹ̀ ríru, ojú abẹ àtijọ́. Tí ìdí bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ délẹ̀. Tí ìdí kan ṣoṣo tí wọ́n ń sọ bá jẹ́ ìrora ìbàdí, ẹ ní kí dókítà àgbà bá yín sọ̀rọ̀, nítorí pé iṣẹ́ abẹ kì í sábà mú kí ìbàdí tètè yá, ojú ọgbẹ́ ikùn á sì kún un. Bákan náà ni fífi oògùn mú ọmọ wá ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ nítorí pé ara ti sú ìyá. Mo mọ̀ bí ara ṣe ń sú èèyàn. Àmọ́ oògùn yẹn ní ewu tirẹ̀.

Ẹ bí síbi tí tíátà wà tàbí tó sún mọ́ gan-an. Wọ́n ti lè gbàdúrà "o ò ní fojú kan ọ̀bẹ" lé yín lórí títí, mo sì ṣe àmín sí i. Ẹ gba àdúrà yín ní ilé ìjọ tí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kí ìbẹ̀rù ọ̀bẹ má lé yín lọ bímọ síbi tí kò sí ẹ̀jẹ̀, tí kò sí dókítà, tí kò sí ọkọ̀ lóru.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* nọ́ńbà wà nínú káàdì, okùn wà nínú báàgì, ẹni tó máa bá yín lọ sì lè sọ gbólóhùn yẹn láìwo ìwé.

7. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀

Kí ẹni tó bá yín lọ fi káàdì han nọ́ọ̀sì bí ẹ bá ṣe ń wọlé. Ẹ má dúró di ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ yọrí. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2018 gbà kí obìnrin ní ẹni tó fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì yan bó ṣe fẹ́ wà nígbà ìrọbí. Ẹ fi sùúrù bẹ̀bẹ̀, ẹ má fi ìjà bẹ̀rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa wo ohun tó wà nínú káàdì" máa ń ṣiṣẹ́ ju ariwo lọ.

Nígbà ìrọbí, ẹ máa yí ipò padà. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ fara ti bẹ́ẹ̀dì, ẹ jókòó, ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ yẹ ojú ara wò, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè ṣe é nígbà tí ẹ bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Nígbà títi ọmọ, ipò méjì ló sábà ń rọrùn jù. Èkíní, ẹ fi orúnkún àti ọwọ́ kanlẹ̀, tàbí kí ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ sì di orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gbé sókè mú, bí àwọn ìyá ìyá wa ṣe ń kúnlẹ̀ bímọ. Èkejì, ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹnì kejì gbé ẹsẹ̀ òkè ró pẹ̀lẹ́. Kó gbé e ró ni mo wí, kó má fà á.

Ibi ìpalára mẹ́ta ló wà, kí ẹni tó wà pẹ̀lú yín máa ṣọ́ wọn:

- Kí wọ́n ní kí ẹ ti àtẹ́lẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ìgbáròkó nọ́ọ̀sì. Ìyẹn ń ya oríkèé iwájú gan-an.
- Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń pa ìrora. Tí ẹ bá gbà á, ẹ ò ní mọ̀ tí ẹsẹ̀ bá ti ṣí jù. Okùn yẹn lẹ máa fi wọ̀n ọ́n.
- Ìrán ojú ara lẹ́yìn ìbímọ. Gbogbo èèyàn ti ń yọ̀, ẹsẹ̀ ìyá ṣì wà lórí irin tí wọ́n fi ń gbé ẹsẹ̀ ró. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kó gòkè pa pọ̀, kó sọ̀ pa pọ̀, kí ó má sì pẹ́ níbẹ̀.

Tí èjìká ọmọ bá há, tàbí tí ọmọ bá ń ṣàárẹ̀, wọ́n lè ní láti ya ẹsẹ̀ yín kọjá okùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ẹ̀mí ṣáájú, ìbàdí á gba ìtọ́jú lẹ́yìn rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kí ẹ tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ìbímọ, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan díẹ̀, kí ẹnì kan sì dì yín mú nígbà tí ẹ bá fẹ́ dúró. Tí ẹ ò bá lè gbé ẹsẹ̀ tàbí tí ìrora òkè abẹ́ bá mú yín láìjẹ́ kí ẹ lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀. Wọ́n lè ní láti ya fọ́tò egungun, nítorí pé tí àlàfo oríkèé iwájú bá ju 10 mm lọ, ó ti là, ìtọ́jú rẹ̀ sì yàtọ̀.

8. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ

Ọ̀pọ̀ máa ń rí ìtura láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀. Ẹ má tíì sọ ìrọ̀rí àárín orúnkún nù. Ẹ ṣì máa yí, ẹ ṣì máa dìde bí ìpele kejì ṣe sọ. Tí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́yàn, kí ẹ̀yìn fara ti nǹkan, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. Kí ẹlòmíràn máa wẹ ọmọ tí ibi ìwẹ̀ bá rẹlẹ̀. Ìyá tó wá tọ́ yín lè fẹ́ kí ẹ lóṣòó lórí omi gbígbóná. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú báàfù tó ga tí ẹ lè jókòó sí, nítorí pé omi híhó ń bó awọ, lílóṣòó sì ń ya ìbàdí padà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* lọ́jọ́ àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí ẹ di ògiri mú, lẹ́yìn náà ẹ gun àtẹ̀gùn bí tẹ́lẹ̀. Tí ó bá ṣì ń gún yín, ẹ béèrè fún físíò lọ́jọ́ náà gan-an. Tí ẹ bá sì tún lóyún lọ́jọ́ iwájú, ẹ sọ fún wọn láti ìgbà àyẹ̀wò àkọ́kọ́ pé ìbàdí yín ti dùn rí, kí wọ́n kọ̀wé yín sí físíò kí ikùn tó yọ.